Òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀: iṣẹ́ wo ló yẹ nínú ọgbà ìta gbangba kí ọyẹ́ tó dé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ àdúgbò wa ní Súrùlérè ló ń tọ́jú ọgbà kékeré kan tó wà ní ìkóríta wa. Iṣẹ́ àfínnúfíndọ̀ṣe ni, a sì tó ogún ènìyàn. Lọ́dún tó kọjá, ní ìparí oṣù kọkànlá, a ṣe iṣẹ́ ńlá: a gé gbogbo fúláwà ixora wálẹ̀ dé orókún, a gbá ewé jọ, a sun ún, a tú ilẹ̀ ìdí òdòdó, a sì wọ́n ajílẹ̀ òyìnbó sí i. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, ìdajì ixora ti gbẹ, koríko sì ti pọ́n. Ọ̀kan nínú wa tó gbé Lọ́ńdọ́ọ̀nù rí ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn nígbà ìwọ́wé. Àwọn mìíràn ní kí á má fọwọ́ kan nǹkan kan títí òjò ọdún tó ń bọ̀. Èwo ni ká ṣe lọ́dún yìí, báwo la ó sì ṣe pín iṣẹ́ náà?

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ sì kú àmúmọ́ra. Bí mo ṣe ka lẹ́tà yín, ohun méjì ló ń dùn yín: pé ọwọ́ ara yín lẹ fi ba ọgbà tí ẹ ń tọ́jú jẹ́, àti pé ẹ ò mọ ẹni tí ẹ ó gbọ́ tirẹ̀ láàárín ẹni tó ní kí ẹ gé gbogbo rẹ̀ àti ẹni tó ní kí ẹ jókòó. Iṣẹ́ wà láti ṣe, ó tiẹ̀ pọ̀, àmọ́ gígé àti gbígbá kọ́ ni olórí rẹ̀. Ohun tí à ń wọ inú ọgbà lọ ṣe ní ìparí òjò l'Ékòó ni láti há omi tó ṣì wà nínú ilẹ̀ mọ́ ibẹ̀, kí ó lè tó igi àti òdòdó lò títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi dé. Bí ẹ bá fi èyí ṣe òṣùwọ̀n, ẹ óò rí i pé púpọ̀ nínú ohun tí ẹ ṣe lọ́dún tó kọjá ló lòdì sí i.

Ẹni yín tó gbé Lọ́ńdọ́ọ̀nù kò parọ́. Níbẹ̀, bí oṣù kẹwàá bá ti wọlé, òtútù á bẹ̀rẹ̀, ojúmọmọ á máa kúrú, ewé á pọ́n, á wọ́, igi á sì sinmi. Òjò kì í dáwọ́ dúró níbẹ̀ lásìkò náà, oòrùn wọn kò sì lágbára, nítorí náà ilẹ̀ wọn ń tutù títí ìgbà òtútù yóò fi kọjá. Igi tó ń sinmi kì í mu omi púpọ̀. Wọ́n lè gé e, wọ́n lè hú u lọ gbìn síbòmíràn, kò ní mọ̀ ọ́n lára tó bẹ́ẹ̀. Tiwa yàtọ̀ pátápátá. Òjò ńlá wa ń rọ̀ láti oṣù kẹrin sí oṣù keje, ó ń sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ó tún ń padà ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, ó ń dín kù ní oṣù kọkànlá, lẹ́yìn náà ó di ohun tí à ń wá lójú sánmà títí di oṣù kẹta. Àsìkò tí òjò lọ yẹn gan-an ni ìkùukùu ń kúrò lójú oòrùn. Ixora, hibiscus àti koríko kápẹ́ẹ̀tì kò sùn. Wọ́n ṣì ń dàgbà, wọ́n ṣì ń mumi, omi náà ló ń tán lábẹ́ wọn. Ọyẹ́ kì í pẹ́ l'Ékòó bíi ti òkè Ọya, nítorí òkun wà nítòsí, àmọ́ ní ìwọ̀nba ọjọ́ tó bá fi fẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ rẹ̀ lè fa omi lára ewé kíákíá ju bí gbòǹgbò ṣe ń rí i fà látinú ilẹ̀. Igi àlímọ́ńdì pàápàá, tí àwọn ọmọdé ń pè ní fúrúùtù, tó máa ń wọ́ ewé pupa sílẹ̀ láàárín ọ̀gbẹlẹ̀, kì í ṣe òtútù ló ń sá fún. Omi ara rẹ̀ ló ń ṣọ́ lò.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí ẹ ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Gígé ixora dé orókún ní ìparí oṣù kọkànlá ló burú jù. Bí wọ́n bá gé igi bẹ́ẹ̀, yóò yọ ọ̀mùnú tuntun dandan, oúnjẹ tó ti kó pamọ́ sínú gbòǹgbò àti ẹ̀ka ni yóò sì fi yọ ọ́. Ọ̀mùnú yẹn rọ̀, ó kún fún omi, awọ ara rẹ̀ kò tíì le. Ó bọ́ sọ́wọ́ oòrùn oṣù kejìlá àti ọyẹ́, ó rọ, orí rẹ̀ dúdú, ó gbẹ. Igi náà á tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó bá fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹta, agbára ti tán. Ajílẹ̀ òyìnbó tún dá kún un. Iyọ̀ ni NPK, ìyẹn ajílẹ̀ òyìnbó náà. Bí omi bá wà nínú ilẹ̀, á yòrò, gbòǹgbò á sì mu ún. Bí omi ò bá sí, iyọ̀ náà á dúró ti gbòǹgbò, á máa fa omi jáde lára rẹ̀. Àmì rẹ̀ ni etí ewé tó pọ́n bíi pé iná rà á, tó bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó wá sí àárín. Ní ti ilẹ̀ tí ẹ tú, gbòǹgbò wẹ́wẹ́ tí ixora fi ń mumi kò jìn, púpọ̀ nínú wọn kò kọjá sẹ̀ǹtímítà 30 láti òkè, ọkọ́ yín sì ti gé wọn ní oṣù tí igi nílò wọn jù. Ewé tí ẹ wá sun yẹn, aṣọ ilẹ̀ ni. Iná tí wọ́n bá sì dá sábẹ́ igi á se gbòǹgbò tó wà lókè ilẹ̀, ká má tíì sọ ti èéfín tó ń wọ ilé àwọn arúgbó àti àwọn tó ní ikọ́ fée ládùúgbò.

Kí ẹ tó hú ixora kankan tó gbẹ, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ná. Ẹ fi èékánná họ èèpo ẹ̀ka kan níbi tó súnmọ́ orí. Bí abẹ́ èèpo náà bá tutù, tó sì ní àwọ̀ ewé, ẹ̀mí ṣì wà níbẹ̀. Bó bá gbẹ, tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ibẹ̀ ti kú. Ẹ máa họ ọ́ bọ̀ wálẹ̀ títí dé ìdí. Ibi tí ẹ bá ti kan tútù ni kí ẹ gé e dé, ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 1 lókè ojú tí ewé ti ń yọ. Igi gbígbẹ ṣeé gé nígbàkígbà. Èyí tó ṣì wà láàyè ni kò ṣeé gé nígbàkígbà. Bí ẹ bá họ dé ìdí tí ẹ ò rí tútù, ẹ hú u, kí ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀. Bí ikán bá ti jẹ ẹ́, ẹ óò rí ihò àti erùpẹ̀ nínú igi náà. Bí gbòǹgbò bá dúdú, tó rọ̀, tó ń rùn, omi ló pọ̀ jù nígbà òjò, ọ̀gbẹlẹ̀ kọ́ ló pa á. Àwọn apá kan ní Súrùlérè jẹ́ ilẹ̀ àbàtà tẹ́lẹ̀, nítorí náà ẹ má gbà pé ohun kan ṣoṣo ló pa gbogbo wọn. Ibi tí ẹ bá ti rí gbòǹgbò tó jẹrà, ẹ mọ ilẹ̀ ibẹ̀ ga ní sẹ̀ǹtímítà 20 kí ẹ tó gbin òmíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìyẹn náà á kú lọ́dún tó ń bọ̀.

Àsìkò tó dára jù fún iṣẹ́ yín ni láti àárín oṣù kẹwàá sí àárín oṣù kọkànlá, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni kí ẹ bi léèrè, kì í ṣe kàlẹ́ńdà nìkan. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó ìnà ìka kan, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ bu erùpẹ̀ láti ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fún un ní àtẹ́lẹwọ́. Bí omi bá ń jáde láàárín ìka yín, ẹ padà sílé di ọjọ́ mẹ́ta sí i, torí ẹsẹ̀ ogún ènìyàn lórí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ débi tí afẹ́fẹ́ ò ní rọ́nà wọ ibi tí gbòǹgbò wà. Bó bá dì mọ́ra láìkán, ẹ bẹ̀rẹ̀. Bó bá ń tú yángá bí ẹ ṣe ń fún un, ẹ ti pẹ́ díẹ̀. Ẹ bomi rin ín dáadáa kí ẹ tó bo ohunkóhun mọ́lẹ̀. Àwọn tó ń tọ́jú irú ọgbà yìí ní Victoria Island tàbí Lẹ́kí, lórí yanrìn tí wọ́n kó dí omi, kò ní rí i kó dì bẹ́ẹ̀ láéláé. Kí àwọn tètè bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, torí yanrìn kì í di omi mú.

Èpò ló kọ́kọ́ kàn. Imí-eṣú àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń so èso wẹ́wẹ́, ọwọ́ ni kí ẹ fi fà wọ́n tu nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù, kí òdòdó wọn tó gbẹ tí atẹ́gùn á fi gbé èso wọn káàkiri. Dáńdá àti ẹ̀kan ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Dáńdá ní ẹyin wẹ́wẹ́ nínú ilẹ̀, ẹ̀kan sì ní gbòǹgbò gígùn tó mú ṣóńṣó. Bí ẹ bá fi ọkọ́ ṣá wọn wẹ́wẹ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó bá ṣẹ́kù ló máa hù. Fọ́ọ̀kì ọgbà ni kí ẹ fi gbé ilẹ̀ náà sókè láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ fi ọwọ́ ṣa ẹyin àti gbòǹgbò rẹ̀ sínú àpò, kí ẹ kó o fún LAWMA, ilé iṣẹ́ tó ń kó ìdọ̀tí l'Ékòó. Kò gbọdọ̀ dé ibi tí ẹ ti ń ṣe ajílẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á dá a lábàá pé kí ẹ ra oògùn apakoríko. Ẹ má ṣe é. Ọmọ ń ṣeré níbẹ̀, ìkóríta sì ni, atẹ́gùn á gbé oògùn náà sára ixora tí ẹ ń wá ẹ̀mí rẹ̀.

Koríko kápẹ́ẹ̀tì, ẹ má gé e kúrú ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, ìwọ̀n ìka mẹ́ta tí a tò papọ̀, láti oṣù kẹwàá lọ. Ewé rẹ̀ ló ń ṣíji bo ilẹ̀ àti ìtàkùn ara rẹ̀. Bó bá ti ga jù, ẹ má gé ju ìdá mẹ́ta gíga rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ojú tó pá, ẹ dí i kí oṣù kẹwàá tó parí: ẹ mú ìtàkùn tó ní gbòǹgbò díẹ̀, ẹ rì í sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15 síra, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ bomi rin ín lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí tí ẹ bá gbìn ní ìparí oṣù kọkànlá kò ní tíì múlẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé. Bí koríko tó ti dàgbà bá pọ́n ní oṣù kìíní, ẹ fọkàn balẹ̀, ìtàkùn rẹ̀ sábà máa ń yè, òjò ni yóò jí i. Ohun tí kò yẹ ni kí wọ́n máa rìn lórí rẹ̀ nígbà náà.

Ní ti fúláwà, orí rẹ̀ nìkan ni kí ẹ rẹ́, kó má ju ìka mẹ́ta lọ, kó sì parí kí oṣù kọkànlá tó dé ìdajì. Orí ẹ̀ka ni ixora ti ń yọ òdòdó, nítorí náà gbogbo orí tí ẹ bá gé, òdòdó ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ gé dànù. Kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ ju òkè lọ díẹ̀ kí oòrùn lè dé ìdí. Fúláwà tí wọ́n gé tí òkè rẹ̀ fẹ̀ ju ìdí ló máa ń pá nísàlẹ̀. Bougainvillea ló yàtọ̀. Òun fẹ́ràn gbígbẹ, orí ọ̀mùnú tuntun ló sì ti ń tan òdòdó, nítorí náà ẹ lè gé ìdá mẹ́rin rẹ̀ ní ìparí òjò, yóò san yín lẹ́san nígbà ọ̀gbẹlẹ̀.

Bíbo ilẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fi àkókò tó pọ̀ jù lọ sí. Ewé tí ẹ sun lọ́dún tó kọjá ni ẹ óò lò. Ewé àlímọ́ńdì fẹ̀, ó sì le. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, á lẹ̀ mọ́ra pẹlẹbẹ, omi á ṣàn kọjá lórí rẹ̀ láìwọlẹ̀. Ẹ kó o jọ, ẹ fi àdá ṣá a wẹ́wẹ́, tàbí kí ẹ ti ẹ̀rọ ìgékoríko kọjá lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ewé máńgòrò àti ti dóńgóyárò kò nílò wàhálà yìí. Ẹ kọ́kọ́ bomi rin ilẹ̀, kí ẹ wá tẹ́ ewé náà ní sẹ̀ǹtímítà 5. Èyí tó bá fẹ́lẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ kò ní dí oòrùn, èyí tó bá sì nípọn kọjá 10, òjò fẹ́ẹ́rẹ́ oṣù kọkànlá kò ní dé ilẹ̀. Ẹ fi àlàfo ìbú ọwọ́ kan sílẹ̀ yí ìdí igi ká. Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣàṣìṣe jù nìyí: wọ́n á kó ewé jọ gègèrè mọ́ ìdí igi, èèpo rẹ̀ á máa tutù, á jẹrà, ikán á sì rí ọ̀nà gùn ún láìjẹ́ kí oòrùn rí i. Ẹ má tẹ́ ẹ sórí koríko kápẹ́ẹ̀tì rárá. Bí ibi tí ẹ gbin òdòdó sí bá tó mítà 40 níbùú lóròó, ìyẹn bíi mítà 8 ní gígùn àti mítà 5 ní ìbú, ẹ nílò nǹkan bíi wílíbárò 30, nítorí náà ẹ tètè máa kó ewé jọ sínú àpò láti oṣù kẹsàn-án. Ewé inú ọgbà nìkan lè má tó. Ẹ bẹ àwọn aládùúgbò tó ní igi kí wọ́n má dà á nù, ṣùgbọ́n ẹ ṣa ọ̀rá píòwọ́tà kúrò nínú rẹ̀ kí ẹ tó gbà á.

Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi ṣe ajílẹ̀. Ẹ kan páálẹ́ẹ̀tì mẹ́rin papọ̀, mítà 1 lọ́nà gbogbo, sí ìbòòji. Ewé gbígbẹ mẹ́ta sí koríko tútù kan ni kí ẹ máa tò lé ara wọn, kí ó tutù débi tí ẹ bá fún un, omi á fẹ́ kán àmọ́ kò ní kán. Ẹ máa yí i padà ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, kí ẹ bu garawa omi kan tàbí méjì sí i torí ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Oúnjẹ kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, eku ló máa pè. Bí ẹ bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ló máa gbà, á sì bọ́ sí àsìkò òjò àkọ́rọ̀ gẹ́lẹ́. Gọ́tà ẹ̀gbẹ́ ọgbà, ẹ kó o kí omi má dúró fún ẹ̀fọn, àmọ́ ẹ má da ẹrẹ̀ rẹ̀ sínú ọgbà bó ti wù kó dúdú tó. Epo mọ́tò, ọ̀rá àti ìgbẹ́ wà nínú rẹ̀.

Omi ló kù. Òun gan-an ni iṣẹ́, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ariwo iṣẹ́ ńlá bá ti parí. Bíbu omi díẹ̀ lójoojúmọ́ kò ṣe é láǹfààní, òkè nìkan ló ń tutù, gbòǹgbò á sì máa wá sókè tọ̀ ọ́. Ẹ fún ixora kọ̀ọ̀kan ní lítà 5, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kó tó di agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ tàbí lẹ́yìn agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Igi kékeré tí wọ́n gbìn lọ́dún yìí ló ṣáájú gbogbo wọn. Ọjọ́ 14 oṣù keje ni Ìpínlẹ̀ Èkó yà sọ́tọ̀ fún igi gbígbìn, igi ọjọ́ náà sì lè kú kí ọdún tó yípo bí kò bá sẹ́ni tó fún un lómi. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 25 sí ẹ̀gbẹ́ igi kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìṣó kékeré lu ihò kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ó máa kán díẹ̀díẹ̀ wọlẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bí ẹ bá ní ixora 60 àti igi kékeré 6, kẹ́ẹ̀gì 30 lọ́sẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi ìṣirò yìí bá mẹ́ruwà àdúgbò dúnàádúrà kí oṣù kejìlá tó wọlé. Bó bá jẹ́ bóhóòlù lẹ fẹ́ lò, ẹ tọ́ ọ wò. Níbi tó súnmọ́ ọ̀sà, omi iyọ̀ lè wà níbẹ̀, yóò sì jó ewé bíi ti NPK.

Ìpín iṣẹ́ wá ńkọ́? Ọjọ́ ńlá kan ṣoṣo ń fa èrò, kò sì burú, àmọ́ kò lè gba gbogbo èyí láìjẹ́ kí ẹ kánjú. Àárọ̀ Sátidé méjì ni mo fọwọ́ sí, láti agogo méje sí mẹ́wàá. Ní àárín oṣù kẹwàá, kí ènìyàn 12 wà nídìí èpò, 4 nídìí gọ́tà, 4 nídìí koríko. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kọkànlá, ẹni méjì péré tó mọ̀ ọ́n gé ni kó di ọ̀bẹ fúláwà mú. Kí ẹni mẹ́ta máa ṣá ewé, kí àwọn 10 máa kó o, kí wọ́n máa tẹ́ ẹ, kí àwọn 5 mójú tó ajílẹ̀. Kí gbogbo wọn wọ bùútù àti ìbọ̀wọ́, kí wọ́n sì fi ọ̀pá gígùn lu inú fúláwà kí ẹnikẹ́ni tó tọwọ́ bọ̀ ọ́, nítorí ejò àti àkeekèé. Kí ẹnikẹ́ni má gun igi, pàápàá èyí tí wáyà iná kọjá lára rẹ̀. Igi ńlá kò ṣeé gé láìgba ìyọ̀ǹda LASPARK, ilé iṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń bójú tó ọgbà ìta gbangba, ọgbà ìjọba sì ni èyí, ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Bí agbára yín kò bá gbé gbogbo rẹ̀, ẹ fi koríko sílẹ̀ kó pọ́n, ẹ fi gígé fúláwà sílẹ̀ pátápátá. Bíbo ilẹ̀ àti omi ni kí ẹ dì mú. Nínú oṣù kejìlá, àríyá àti ìrìn àjò ọdún á kó ìdajì ẹgbẹ́ yín lọ, mo sì rò pé ó sàn kí ẹ dá owó díẹ̀ fún ẹnìkan tó ń ṣòwò nítòsí ọgbà, kó máa bomi rin ín, ju kí ẹ kọ orúkọ sórí ìwé tí ẹnikẹ́ni ò ní tẹ̀lé. Pẹ̀lú gbogbo èyí náà, n kò lè ṣèlérí pé ixora tó ti gbẹ dé ìdajì máa padà. Àwọn kan ti lo agbára wọn tán, òmíràn sì lè ní àrùn tí lẹ́tà kò lè fi hàn. Bí ẹ bá rí òwú funfun lábẹ́ ewé wọn, ẹ mú ẹ̀ka kan lọ fún ẹni tó ń ta òdòdó kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ixora tí ẹ bá fẹ́ gé dé orókún lóòótọ́, ẹ dúró di oṣù kẹrin, lẹ́yìn tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, kí ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdajì kóńgò ajílẹ̀ inú páálẹ́ẹ̀tì yín.